Ta Ni Ń Jáde Lọ Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ìlú? Rédíò Ìbàdàn Nínú Ìròyìn, Ewì àti Ìkéde

Rédíò gbogbogbò, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti ń lo ọ̀rọ̀ náà, ni ilé-iṣẹ́ rédíò tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ará ìlú, tí owó tó ń ná ń wá láti àpò ìjọba tàbí láti ọwọ́ àwọn olùgbọ́ fúnra wọn, tí kò sì sí oníṣòwò kan tó ń retí èrè lórí rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí rédíò aládàáni tó ń fi ìpolówó ọjà jẹun, ó sì yàtọ̀ sí rédíò àdúgbò, ìyẹn ilé-iṣẹ́ kékeré tí àwọn ará àdúgbò kan jọ ni, tí ohùn rẹ̀ kì í sábà rìn jìnnà. Ní Nàìjíríà, ààlà tó wà láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fi bẹ́ẹ̀ hàn, nítorí pé rédíò ìjọba ń wá ìpolówó lójú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni rédíò aládàáni ń bá ará àdúgbò wá ọmọ rẹ̀ tó sọnù. Ìdí nìyí tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fi mú ìlú Ìbàdàn nìkan ṣe àpẹẹrẹ, tó sì fẹ́ wo àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò rẹ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ìlú, kì í ṣe nípa ẹni tó ni wọ́n. Rédíò kò wọ́n Ìbàdàn láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn. Ohun tó wọ́n níbẹ̀ ni akọ̀ròyìn tí yóò dìde kúrò ní ọ́fíìsì, tí yóò wọ ọkọ̀, tí yóò sì lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlú níbi tí ìlú ti ń sọ ọ́.

Ọ̀nà tí rédíò gbà wọ ìlú náà yẹ ní mímọ̀, nítorí pé ìwà tó bá wá kò tíì kúrò lára rẹ̀ tán. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1932 ni BBC bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í pín ohùn náà fún àwọn onílé ní Èkó, nígbà tó sì di 1939, ètò náà dé Ìbàdàn. Rédífúṣọ̀n ni wọ́n ń pè é. Wáyà ni ìjọba fà láti ibùdó kan lọ sí ojúlé àwọn tó bá lè san owó rẹ̀, tí wọ́n á sì gbé àpótí kékeré kan kọ́ sára ògiri fún wọn. Onílé lè tàn án, ó lè pa á, ó sì lè dín ariwo rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kò sí ìkànnì kejì tó lè yí i sí. Ọ̀rọ̀ tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá ló kún inú àpótí náà, ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ ni wọ́n sì ń yọ̀ǹda fún ti ìbílẹ̀.

Ní 1951, ìjọba dá Nigerian Broadcasting Service sílẹ̀, èyí tó di Nigerian Broadcasting Corporation ní 1957, tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò máa pè ní rédíò àpapọ̀ kí ó má baà dàrú mọ́ àjọ mìíràn tí orúkọ ìgékúrú rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Ìlù àyàn ni ilé-iṣẹ́ náà fi ń kéde ara rẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n ní kí ìlù náà sọ, ṣùgbọ́n ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni ìlù ń gbé jáde, àwọn ará Ìbàdàn sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tiwọn nínú rẹ̀, wọ́n ní ó ń béèrè ẹni tí yóò joyè bí Olúbàdàn bá wàjà. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi í ṣe lóòótọ́, síbẹ̀ ó jẹ́ kó hàn pé olùgbọ́ ti ń wá ìlú rẹ̀ nínú ohùn kan tí kò tíì ráyè sọ̀rọ̀ nípa ìlú náà.

Àríyànjiyàn ìṣèlú ló bí rédíò kejì. Ní 1953, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group jáde kúrò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nítorí àbá pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1956, Gómìnà Nàìjíríà, John Macpherson, bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n lórí rédíò. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, béèrè àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, wọn kò sì fún un. Òfin ìjọba ti 1954 gba àwọn ẹkùn láàyè láti dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì lo àyè náà: ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, rédíò WNBS sì jẹ́ èkejì rẹ̀. (WNTV a máa yangàn pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ Mòrókò àti Àlùjíríà ti ní tiwọn ṣáájú, kò sí ará Ìbàdàn kan tó fẹ́ gbọ́ ìyẹn.) Nínú ìtàn yìí, ẹ̀tọ́ láti fèsì sí ìjọba ni àwọn olóṣèlú ń jà fún. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò bí Ọjà'ba tàbí Bẹ́ẹ̀rẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́ kí rédíò tuntun náà máa sọ.

Ìjà ẹni tí yóò di gbohùngbohùn mú yìí ló gbóná janjan ní oṣù Kẹwàá ọdún 1965. Lẹ́yìn ìdìbò ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ojoro wà nínú rẹ̀, ọkùnrin kan tó mú ìbọn dání wọ ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn, ó sì mú kí wọ́n yọ téèpù ọ̀rọ̀ Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba ẹkùn náà, kí wọ́n sì fi òmíràn tó ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò rọ́pò rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀sùn náà kan òǹkọ̀wé Wọlé Ṣóyínká, Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ sì dá a sílẹ̀ kí ọdún tó parí. Nínú ìwé You Must Set Forth at Dawn tó jáde ní 2006, Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sọ ipa tó kó nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn òpìtàn fẹ́ràn ìtàn yìí, bóyá ju bó ti yẹ lọ, nítorí pé ó ń mú kí ènìyàn rò pé orí téèpù kan ṣoṣo ni gbogbo ìjà tó wà lórí rédíò parí sí. Ìjà mìíràn wà tí kò ní ìbọn nínú, tí ó sì ń wáyé lójoojúmọ́, ìyẹn ti ṣíṣe àṣàyàn ohun tí yóò wọ inú ìròyìn òwúrọ̀.

Ní ti ẹni tó ni kí ni, kò sí ohun tó pọ̀ láti sọ. Lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1976, rédíò ìpínlẹ̀ di BCOS, tó wà ní Baṣọ̀run, tí ará ìlú ń pè ní Ilé Akéde; rédíò àpapọ̀ di FRCN, tí ìkànnì Premier 93.5 rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ láti Dùgbẹ̀, tí Amúlùdùn 99.1 sì ń fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ láti Mọ́níyà. Òfin ológun nọ́ńbà 38 ti ọdún 1992 ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn aládàáni, òun náà ló sì dá àjọ National Broadcasting Commission sílẹ̀ láti máa fún wọn níwèé àṣẹ. Splash 105.5, Fresh 105.9, Agídìgbo 88.7 àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ti kún ojú afẹ́fẹ́ láti ìgbà náà, débi pé ẹni tó bá ń yí rédíò ọkọ̀ rẹ̀ láti Ojóò dé Challenge, yóò rẹ̀ ẹ́ kí àwọn ìkànnì tó tán.

Síbẹ̀, bí ènìyàn bá tẹ́tí sí ìròyìn abẹ́lé àwọn ìkànnì wọ̀nyí ní ọjọ́ kan náà, ohun kan náà ló sábà máa ń gbọ́. Iṣẹ́ yàrá ìròyìn ló fà á. Ní òwúrọ̀, olóòtú ìròyìn, ìyẹn ẹni tó ń yan ohun tí wọn yóò kà, á wo àwọn ìwé ìpè tó wà lórí tábìlì rẹ̀, á sì pín àwọn akọ̀ròyìn tó ní sí ibi tí wọ́n ti pè wọ́n. Ẹni tó kọ ìwé ìpè, tó rán ọkọ̀ wá gbé akọ̀ròyìn, tó sì tún fún un ní ohun tí wọ́n ń pè ní owó ọkọ̀ nígbà tó ń padà, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń jáde. Ọ́fíìsì gómìnà ní agbára láti ṣe gbogbo èyí, àwọn kọmíṣọ́nnà náà ní in, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìjọ ńlá àti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣí ọjà tuntun. Àwọn obìnrin tó ń ta oúnjẹ ní ọjà Bódìjà kì í kọ ìwé ìpè. Gọ́tà tó dí kì í kọ ìwé ìpè. Kò yẹ kí wọ́n di ẹ̀bi èyí ru akọ̀ròyìn nìkan, nítorí pé ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní ọkọ̀, kò ní ọ̀nà láti lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti pè é.

Ìjọba ìbílẹ̀ ni àlàfo yìí ti hàn jù. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló pín Ìbàdàn láàárín ara wọn, márùn-ún nínú ìgboro, mẹ́fà ní àwọn agbègbè tó yí i ká. Àwọn ni òfin ìlú fi ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, ìkólẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ìbí òun ikú lé lọ́wọ́, ìyẹn ni pé àwọn ni wọ́n sún mọ́ ìgbésí ayé ará ìlú jù lọ. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí akọ̀ròyìn rédíò kan tó jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ibi tí àwọn káńsẹ́lọ̀ ti ń ṣe ìpàdé. Ìkún omi odò Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tí àwọn àgbà ìlú ṣì ń pè ní Omíyalé, wọ ìròyìn gbogbo àgbáyé. Òjò ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tó pa èèyàn tó lé ní 100, náà wọ̀ ọ́. Ilé tí wọ́n kọ́ dí odò àti ìdọ̀tí tí wọ́n dà sínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ oṣù Kẹjọ. Oṣù Kejì ni ọ̀rọ̀ wọn, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, tí ilẹ̀ gbẹ, tí ẹnikẹ́ni kò sì rántí omi. Akọ̀ròyìn tó bá jókòó ní ìpàdé káńsẹ́lọ̀ ní oṣù náà ni yóò gbọ́ orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí ilé náà.

Ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ibi tó sún mọ́ mẹ̀kúnnù ni ìròyìn kì í fojú fò, ìyẹn ni kóòtù ìbílẹ̀ tó wà ní Mápó. Àwọn ìwé ìròyìn ti ń gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ tí wọ́n ń dá níbẹ̀ jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ètò òwúrọ̀ tí wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn sétígbọ̀ọ́ olùgbọ́ sì ń gbé e dé orí rédíò. Ohun tó mú kí wọ́n máa lọ síbẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀, nítorí pé ìjà ọkọ àti aya ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ẹ̀rí pé akọ̀ròyìn lè jókòó sí ojú kan lójoojúmọ́ láìsí ìwé ìpè, bó bá ti dá olóòtú rẹ̀ lójú pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yóò dùn-ún gbọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Ìbàdàn láti inú rédíò, ìkéde ló yẹ kó tẹ́tí sí kí ó tó kan ìròyìn. Ìkéde ni ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ará ìlú sanwó fún kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lè kà á: ti òkú, ti ìgbéyàwó, ti ìpàdé mọ̀lẹ́bí, ti ìwé ẹ̀rí tó bọ́ sọnù, ti arúgbó tó jáde nílé tí kò mọ ọ̀nà padà. Nínú ìkéde òkú kan, olùgbọ́ a gbọ́ agbo-ilé tí olóògbé ti wá, iṣẹ́ tó ṣe nígbà ayé rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ àti ibi tí oníkálukú wọn wà, láti Òkè-Àdó dé Òkè-Òkun, ilé-ìwé tí wọn yóò ti gba àlejò, àti ẹni tí wọ́n lè tọ̀ lọ bí aṣọ ẹbí bá kù. Kò sí ìwé ìtàn kan tó tò àwọn agbo-ilé Ìbàdàn, oyè wọn àti àna wọn, bí àwọn ìkéde wọ̀nyí ti ń tò wọ́n lójoojúmọ́, tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó mọṣẹ́ sì ń fi oríkì lé orúkọ bí wọ́n ti ń kà á lọ. Ibi tí wọ́n kù sí ni pé ọjà ni wọ́n. Iye ìgbà tí wọn yóò kà á ni iye owó tí wọn yóò gbà. Ẹni tí kò bá ní owó kì í kú lórí rédíò. Rédíò gbogbogbò tó bá mọ ohun tó ń ṣe yóò fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ lójúmọ́ fún ìkéde ọ̀fẹ́, ó kéré tán fún ti ẹni tó sọnù àti ti ẹni tó kú tí kò lẹ́nìkan, yóò sì kó àwọn ìwé tí wọ́n fi kọ ìkéde pamọ́ fún àwọn òpìtàn ọ̀la.

Iṣẹ́ ọnà ni ibi tí rédíò Ìbàdàn ti ṣe ohun tí kò sí ẹni tó lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí rédíò tó dé, ìjálá jẹ́ ti ọdẹ, ẹ̀sà jẹ́ ti eléégún, rárà sì wà fún ààfin àti òde àríyá. Oníkálukú wọn ní ẹni tó ń sun ún àti ìgbà tí wọ́n ń sun ún. Ewì tí rédíò gbé jáde láti ìdajì kejì ọ̀rúndún tó kọjá yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Akéwì lè jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ tàbí olùkọ́. Ó lè yá ohùn lọ́wọ́ ìjálá lónìí, kó yá a lọ́wọ́ ẹ̀sà lọ́la. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ti ìjọba tó ń kówó jẹ tàbí ti ọmọ tí kò gbọ́ràn. Àwọn tó ń gbọ́ ọ kò sì jókòó níwájú rẹ̀. Adébáyọ̀ Fálétí, tó kọ Baṣọ̀run Gáà, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní WNTV àti WNBS, ó sì padà di ọ̀gá àgbà BCOS. Ọláńrewájú Adépọ̀jù àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀, tí ará ìlú mọ̀ sí Odídẹrẹ́ Ayékòótọ́, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nípasẹ̀ ohùn wọn lórí afẹ́fẹ́. Kódà àwọn tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé jàǹfààní rẹ̀: rédíò ni Ṣóyínká kọ eré Camwood on the Leaves fún ní 1960, ọdún kan ṣáájú kí Mbárí, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, tó ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ní ìgboro Ìbàdàn.

Ohun tó yẹ kí ènìyàn fà yọ níbẹ̀ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ náà gba òṣèré àti akéwì síṣẹ́, wọ́n sì fún wọn ní owó oṣù, yàrá ìgbohùnsílẹ̀ àti àkókò. Èyí ju kí akọ̀ròyìn lọ ṣèròyìn ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ìfilọ́lẹ̀ àwo orin tuntun lọ. Lónìí, akéwì tó bá fẹ́ wákàtí kan lórí rédíò ni yóò wá onígbọ̀wọ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn oníṣòwò tí yóò bá a san owó àkókò náà, ewì á sì wá di oríkì oníṣòwò. Ìṣòro kejì ni ti ìpamọ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè gbọ́ lónìí nínú iṣẹ́ Adépọ̀jù àti Ọládàpọ̀ ni èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí àwo fún títà, láti ilé-iṣẹ́ àwo tí àwọn fúnra wọn dá sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi ohùn ké lórí rédíò láìtẹ àwo, tí wọn kò sì lówó láti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ló yẹ kí téèpù ilé-iṣẹ́ ìjọba pamọ́ fún ìran tó ń bọ̀.

Fóònù alágbèéká, tó tàn kálẹ̀ ní Nàìjíríà láti 2001, ló mú kí olùgbọ́ rí ẹnu sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ètò tí ará ìlú ti ń pè wọlé, pàápàá àwọn tí wọ́n ti ń parí ìjà, ti ṣe fún mẹ̀kúnnù ohun tí ọ̀pọ̀ kóòtù kò ṣe: opó gba ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ padà, ọmọ iṣẹ́ gba owó rẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé atọ́kùn ètò, ẹni tó ń darí rẹ̀, ń di olùpẹ̀jọ́, ẹlẹ́rìí àti adájọ́ nígbà kan náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dárúkọ ẹni tí kò sí níjòókòó sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìlú. Agbára irú ohùn bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó ti mọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọdé 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní ọgbà ilé-ìwé Islamic High School, Baṣọ̀run, níbi àpèjẹ ọmọdé kan tí wọ́n ti polongo rẹ̀ lórí rédíò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi dé iwájú òfin, kò sì kan ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Èyí tó kàn án ni pé òwò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti mọ bí wọ́n ṣe ń kó èrò jọ kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka iye èrò tí ọgbà kan lè gbà.

Gbogbo èyí já sí ọ̀rọ̀ owó. Àfikún kẹrin òfin ìlú ti ọdún 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára láti gba owó ìwé àṣẹ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ìwé àṣẹ tẹlifíṣọ̀n tí onílé ń san ló ń gbé BBC ró, títí kan àwọn ìkànnì rédíò ìlú kékeré rẹ̀. Ní Nàìjíríà, awakọ̀ ló mọ owó yìí jù, nítorí pé ojú títì ni àwọn agbowó ti ń dá a dúró, kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́ rédíò kankan ni wọ́n ń gbà á fún. Ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ 11 Ìbàdàn fi ìdá kan nínú owó náà sínú àpò kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fi san owó oṣù àwọn akọ̀ròyìn tí iṣẹ́ wọn yóò jẹ́ láti jókòó ní ìpàdé káńsẹ́lọ̀, kí gbogbo ìkànnì tó bá fẹ́ sì lè lo ìròyìn wọn láìsanwó. Bí alága ìjọba ìbílẹ̀ bá ni olówó wọn, agbẹnusọ rẹ̀ ni wọn yóò dà. Nítorí náà, ibòmíràn ló yẹ kó gbà wọ́n síṣẹ́, Yunifásítì Ìbàdàn sì yẹ fún un, nítorí pé ó ní ìkànnì tirẹ̀, Diamond 101.1, ó sì ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀. Ọ̀nà jìn láti ibẹ̀ dé Àkànràn tàbí Ìdí-Ayunrẹ́, owó epo yóò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn káńsẹ́lọ̀ lè ṣe kí owó kankan tó jáde, ìyẹn ni kí wọ́n lẹ ọjọ́ àti àkókò ìpàdé wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí wọ́n sì fi ìjókòó sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn fún ẹni tó bá wá gbọ́.